Bí a ṣe ń mọ ìtumọ̀ "run" kí a tó gbé e wọ inú èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń fi ojú ẹni tó ń túmọ̀ èdè gbolẹ̀, òun ni "run". Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti kọ́ ọ pé "sáré" ni. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló máa ń kó wàhálà bá a nígbà tó bá dàgbà, tó bá kà á pé obìnrin kan "runs a school", pé odò kan "runs into the sea", tàbí pé owó ilé kan "runs into millions", nítorí kò sí ẹni tó sáré nínú gbogbo wọn.

Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti Oxford mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gbòòrò tó. Nínú ẹ̀dà kejì ìwé náà, èyí tó jáde lọ́dún 1989 ní ìdìpọ̀ 20, "set" ni ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ó lé ní 400. Nígbà tí wọ́n wá tún "run" ṣe fún ẹ̀dà kẹta, ìròyìn jáde lọ́dún 2011 pé ìtumọ̀ tí wọ́n kà fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan tó 645, àti pé ọ̀pọ̀ oṣù ni Peter Gilliver, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ibẹ̀, fi ṣe iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó lè kọ́ 645 ìtumọ̀ sórí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ lé e.

Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni irú èyí wà fún. Àwa náà ní "pa". A ń pa ẹran, a ń pa àlọ́, a ń pa òwe, a ń pa iná, a ń pa owó, a ń pa ìlẹ̀kùn dé, ọ̀rẹ́ wa sì lè pa wá lẹ́rìn-ín láìsí pé ẹnikẹ́ni kú. Òyìnbó tó bá di ìtumọ̀ kan ṣoṣo mú fún "pa", tó fẹ́ fi gbọ́ gbogbo wọn, yóò rò pé apànìyàn ni gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Yorùbá tó bá di "sáré" mú ṣe ń rí lójú ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá kì í ṣi "pa" gbọ́, nítorí pé kí "pa" tó jáde tán lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni etí rẹ̀ ti ń retí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí fẹ́ kọ́ni kò ju pé kí a máa fi irú etí bẹ́ẹ̀ gbọ́ "run". Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Àgùntàn gan-an ni "run", ohunkóhun tí ẹnìkejì rẹ̀ bá ń jẹ ni òun náà ń jẹ.

Mo kọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, fún àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn ní ilé iṣẹ́ rédíò, àti fún àwọn ọmọ wa tó ń ṣe ògbufọ̀ ní ilé ìwòsàn àti ilé ẹjọ́ ní Ìlú Ọba, nítorí àṣìṣe tiwọn ló lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá jù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wo olùwà

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan "run", ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tàbí ohun tó jẹ́ olùwà gbólóhùn náà, ìyẹn ẹni tàbí ohun tí wọ́n ní ó "run". Bí olùwà bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ìyẹn ènìyàn tàbí ẹranko, tí kò sì sí àbọ̀ kankan, ìyẹn ohun tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí, lẹ́yìn "run", ó ṣeé ṣe kí ìtumọ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé tọ̀nà. Síbẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹyọ kan: ẹni tó ń "sáré" ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yára, ṣùgbọ́n ẹni tó "sá" ń sá fún nǹkan. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé "the boy ran when he saw the policeman", a kò gbọdọ̀ sọ pé ọmọkùnrin náà sáré. Ó sá ni, bí ó bá sì sá débi pé wọn kò rí ìpàkọ́ rẹ̀ mọ́, "ó fẹsẹ̀ fẹ́ẹ" àti "ó na pápá bora" wà nílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé "the boy ran to his mother", ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀ ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ó sá lọ bá ìyá rẹ̀ ti fún òǹkàwé ní iṣẹ́ tuntun, nítorí òǹkàwé yóò máa wá ohun tó ń lé ọmọ náà bọ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹlẹ́sẹ̀ "run" tí kò sì sáré rárá. Ẹni tó sọ pé "let me run to the shop" lè rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì lè wọ mọ́tò. Ohun tó ń sọ ni pé òun kò ní pẹ́. Níbí, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì bára mu, nítorí ìyá tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "sáré bá mi ra iyọ̀ wá" kò retí pé kí ọmọ náà máa mí hẹlẹhẹlẹ dé.

Bí olùwà bá jẹ́ ohun olómi, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ omi. Odò Ògùn ń ṣàn wọ inú ọ̀sà Èkó, omijé ń dà lójú ẹni tó ń sunkún, imú ọmọdé ń ṣomi, aṣọ tí wọn kò rẹ dáadáa ń ṣí bí wọ́n bá ti ń fọ̀ ọ́. "Run" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe gbogbo wọn. Lára aṣọ òkèèrè, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé "colours may run". "Ó lè ṣí" ni aláró tàbí ìyá alágbàfọ̀ yóò sọ, kò ní wá ọ̀nà tí àwọ̀ yóò gbà sáré.

Ìtumọ̀ ti omi yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un. Láti ayé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nígbà tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà ní "rinnan" tàbí "irnan", ló ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹsẹ̀ àti fún omi pọ̀. Èdè Jámánì, tó jẹ́ ìbátan Gẹ̀ẹ́sì, pín tirẹ̀ sí méjì: "rennen" fún ẹni tó ń sáré, "rinnen" fún omi tó ń ṣàn. Lójú tèmi, omi ló ń ṣàlàyé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtumọ̀ tó kù ju ẹsẹ̀ lọ. Ohun kan ń lọ, kò dúró, kò sì já: iṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀nà, àdéhùn, ìṣàkóso ilé iṣẹ́. Nígbà tí ojú bá dà rú pátápátá, ẹ béèrè pé kí ni ohun tó ń lọ láìdúró nínú gbólóhùn yìí, ẹ ó sì rí i pé ìlẹ̀kùn yóò ṣí díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó "runs" ń ṣiṣẹ́. Fóònù tó "runs on Android" ń lo Android, ẹ̀rọ amúnáwá tó "runs on diesel", dísùùlù ló ń mu. Ní ilé epo, ìkìlọ̀ tó sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa "run" kò nílò ju kí a sọ pé "ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín". Ṣé ẹ rí "pa" tó tún yọjú? Bí ó bá sì jẹ́ ọkọ̀ èrò, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń bà mí nínú jẹ́ pé àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn kì í sábà rántí rẹ̀: "ná". Ọkọ̀ tó "runs between Lagos and Ibadan" ni ọkọ̀ tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ́tò ni, kò sì sí èyí tó bá a mu jù ú lọ.

Bí olùwà bá jẹ́ ohun tí kì í kúrò lójú kan, bí ọ̀nà, ògiri tàbí wáyà iná, ẹ kàn sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé: láti Èkó ni ọ̀nà náà ti lọ dé Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ àkókò, ẹ sọ iye rẹ̀ tàbí òpin rẹ̀. Àdéhùn ilé tó "runs for two years", ọdún méjì ni wọ́n ṣe é fún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo àbọ̀

Bí ohun kan bá tẹ̀ lé "run" láìsí ọ̀rọ̀ kékeré kankan láàárín wọn, ohun náà ló ni ìtumọ̀. Ẹni tó "runs a test" ń ṣe àyẹ̀wò; ọmọ tó "runs an errand" ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an; ìwé ìròyìn tó "runs a story" gbé ìròyìn náà jáde; ẹni tó "runs a risk" ń fi ara wewu; awakọ̀ tó "runs a red light" kò dúró nígbà tí iná pupa tàn. Nínú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá máa ń lò fún àbọ̀ náà lójoojúmọ́ ni kí ẹ wá. Ẹ má ṣe béèrè pé "kí ni 'run'?", ẹ béèrè pé "kí ni àwa máa ń ṣe sí àyẹ̀wò, kí ni à ń ṣe sí iṣẹ́ tí wọ́n rán wa?" Ìdáhùn yóò wá fúnra rẹ̀.

Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni ilé iṣẹ́, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù àti ìlú. "She runs a clinic" kò sọ fún wa pé obìnrin náà ló ni ilé ìwòsàn ọ̀hún. Ó lè jẹ́ tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gbà á síbẹ̀ ni. Bí a bá kọ ọ́ pé "ó ní ilé ìwòsàn kan", a ti fún un ní ohun tí òǹkọ̀wé kò fún un, ọ̀ràn náà sì lè di ẹjọ́ bí ìwé náà bá jẹ́ ti ogún tàbí ti owó orí. "Ó ń bójú tó" tàbí "òun ló ń darí" ni kò léwu. Fún orílẹ̀-èdè tàbí ìpínlẹ̀, "ṣàkóso" ló bá a mu, nítorí a kì í bójú tó ìpínlẹ̀ bí ẹni ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù.

Ìgbà mìíràn, àbọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò di olùwà ní Yorùbá, tàbí kí olùwà mìíràn wọlé pátápátá. Aláìsàn tó "is running a temperature", ara rẹ̀ ló ń gbóná. Ẹni tó bá gbìyànjú láti fi aláìsàn náà ṣe olùwà yóò laágùn lórí ohun tí ìyá àgbà sọ ní gbólóhùn kúkúrú.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, fi àpẹẹrẹ tó dára lélẹ̀ fún wa. Nínú Hébérù 12:1, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ̀rọ̀ nípa "run" àti eré ìje, sísáré ìje ló wà ní Yorùbá. Nínú Sáàmù 23:5, níbi tí ife ti "runneth over", wọn kò jẹ́ kí ife náà sáré lọ síbì kankan. Ago mi "kún àkúnwọ́sílẹ̀" ni wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn yẹn wo ago kí wọ́n tó wo "run".

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ibí sì ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ kéékèèké bí "out", "into", "over", "down", "off" sẹ́yìn "run", ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa ń dá ìtumọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìrìn gidi, Yorùbá kì í lo atọ́kùn (irú ọ̀rọ̀ bí "ní" àti "sí") níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kejì la máa ń lò: a sáré jáde, a sáré wọlé, a sáré gòkè, a sáré kọjá. "Out" ti di "jáde", "into" ti di "wọlé". Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ dán an wò bóyá ẹ lè fi irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Bí ó bá bọ́ sí i, ìrìn ni. Bí kò bá bọ́ sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ló wà níbẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo "she ran out of the house" àti "she ran out of salt". Lójú, wọn kò yàtọ̀ rárá títí a fi dé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ilé jẹ́ ibi tí ènìyàn lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà, ó sáré jáde nínú ilé. Iyọ̀ jẹ́ ohun tí a ń lò tó ń dín kù, nítorí náà, iyọ̀ tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i pé iyọ̀ ti gba ipò olùwà, obìnrin náà sì ti bọ́ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí pẹ̀lú epo, owó, àkókò àti sùúrù: gbogbo wọn ló ń tán fúnra wọn ní Yorùbá, tí a sì ń sọ ẹni tí wọ́n tán mọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó kọ ọ́ pé "a sáré jáde nínú epo" ti sọ wá di ẹni tó ń wẹ̀ nínú táńkì.

"Run into" le ju ìyẹn lọ. Bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá le, bí ògiri tàbí igi, ìkọlù ni. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn tí a mọ̀, tí kò sì sí ẹni tó fara pa, a ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ wàhálà, a kó sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gbèsè, a wọ gbèsè. Bí ó bá jẹ́ iye owó, owó náà wọ mílíọ̀nù. Bí ó bá sì jẹ́ odò tó wọ inú òkun, a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Níbi tí ewu wà ni pé ènìyàn tún lè jẹ́ ohun tí ọkọ̀ kọlù. "The lorry ran into my uncle" kì í ṣe kòńgẹ́ rárá. Ọkọ̀ ló kọlu ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni olùwà, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má fo ìgbésẹ̀ kìíní.

"Run over" náà ní tirẹ̀. Ọkọ̀ tó "ran over a dog" tẹ ajá náà. Ìpàdé tó "ran over" kọjá àkókò tí wọ́n dá fún un. Olùṣirò owó tó "ran over the figures" tún ìṣirò náà yẹ̀ wò. Aládùúgbò tó "ran over" láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sáré wá. Ní ti "run down", bátìrì ni a óò sọ pé ó ti kú, ilé ni a óò pè ní ẹgẹrẹmìtì, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ni a óò sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ wá látinú, ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa sì ni a óò sọ pé wọ́n ń bà jẹ́ lẹ́yìn. Kò sí ìdí láti máa to ìyókù sílẹ̀ níbí. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà tú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀-orúkọ ni

Bí "a" tàbí "the" bá ṣáájú rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó sì lè jìnnà sí sísáré pátápátá. "In the long run" ni nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. "A trial run" ni ìdánwò tí a ṣe kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. "A chicken run" ni ọgbà tí adìyẹ ti ń jẹ̀. "A run on the bank" kì í ṣe ìdíje: àwọn ènìyàn ló ya bo báǹkì láti gba owó wọn nítorí ìbẹ̀rù pé báǹkì náà fẹ́ wó. Nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, ayò tí wọ́n ń kà ni, bí a ṣe ń ka góólù nínú bọ́ọ̀lù, kódà nígbà tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jáde kọjá ààlà pápá kò gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tó dúró sí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan síi: "ran" ni ti àná, ṣùgbọ́n "run" lè jẹ́ ti òní, ó sì lè jẹ́ ti ohun tí wọ́n ti ṣe tàbí tí wọ́n ń ṣe sí nǹkan. "A well run school" jẹ́ ilé ìwé tí wọ́n ń bójú tó dáadáa, kì í ṣe ilé ìwé tí wọ́n ti sáré tán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ béèrè ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti wá

Olóṣèlú Amẹ́ríkà máa ń "run" fún ipò, ti Ìlú Ọba máa ń "stand". Ní Yorùbá, àwọn méjèèjì ń du ipò. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó ya gbọọrọ lọ ní "run" lára ní Amẹ́ríkà, "ladder", ìyẹn àkàbà, ló ní ní Ìlú Ọba. Àwa ní Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn: à ń sọ pé ènìyàn "ran mad", ìyẹn ni pé ó ya wèrè, a sì ń pe ìgbẹ́ gbuuru ní "running stomach".

Nínú ìròyìn ìdìbò, ẹ má ṣe jẹ́ kí "run-off" àti "rerun" di ọ̀kan náà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé sípò ààrẹ ní ìbò tó pọ̀ jù, kí ó sì ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Bí kò bá sí ẹni tó ní gbogbo rẹ̀, olùdíje méjì ni yóò tún kojú ara wọn: ìyẹn ni "run-off". "Rerun" wá nígbà tí wọ́n bá fagi lé ìdìbò tó ti wáyé. Mo ti gbọ́ tí àwọn oníròyìn ń pe méjèèjì ní àtúndì ìbò. Èmi yóò fi àtúndì ìbò sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n fagi lé, èkejì ni n ó pè ní ìdìbò àṣekágbá láàárín olùdíje méjì, kódà bí ó tilẹ̀ gùn.

Ilé ìwòsàn ní Ìlú Ọba ni ọ̀ràn ibi tí a ti wá yìí ti máa ń di ọ̀ràn ẹ̀mí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá àgbà kan jókòó, ọmọ rẹ̀ ń ṣe ògbufọ̀. Nọ́ọ̀sì lè béèrè láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún bóyá imú màmá ń "run", bóyá màmá ní "the runs", bóyá àìsàn náà "runs in the family", kí ó tó wá sọ pé àwọn yóò "run some tests". Ẹ̀kejì ló burú jù, nítorí ọmọ tó dàgbà sí Èkó mọ "runs" sí ọ̀nà àtijẹ tí kò ṣeé ṣàlàyé fún gbogbo ènìyàn, ojú yóò sì tì í láti bi ìyá rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni nọ́ọ̀sì ń béèrè. Fún ìbéèrè kẹta, "ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ní irú àìsàn yìí rí, mà?" ló tọ̀nà jù, ó sàn ju "ṣé àìsàn ìdílé ni?" lọ, nítorí àìsàn ìdílé ní ohùn àbùkù nínú létí àwọn àgbà, màmá sì lè sẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ kò bá mọ èyí tí wọ́n ń sọ, kí ó ní kí nọ́ọ̀sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ pa Gẹ̀ẹ́sì dé, kí ẹ ka Yorùbá sókè

Nígbà tí ẹ bá túmọ̀ tán, ẹ bo Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ sétí ẹni tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì náà rárá. Bí ó bá dá yín dúró láti béèrè ẹni tó ń sáré, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, tí mo kó "run" mẹ́fà sínú rẹ̀:

"My aunt runs a bakery in Ibadan. Last Monday she ran out of flour, so she ran to the market, where she ran into an old classmate who is running for chairman of the local government. While they talked, the tap she had left running at home emptied the tank."

Báyìí ni èmi yóò ṣe kọ ọ́:

"Àǹtí mi ló ń bójú tó ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ìyẹ̀fun tán mọ́ wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá sáré lọ sọ́jà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe kòńgẹ́ ọmọ kíláàsì wọn àtijọ́ kan tó ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ, omi ẹ̀rọ tí wọn kò tì nílé ti dà títí táńkì fi gbẹ."

Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹyọ kan ṣoṣo ni "sáré" ṣẹ́ kù fún, kódà òun náà ṣì ṣeé jiyàn lé lórí, nítorí àǹtí lè ti gun ọ̀kadà lọ. Mo fi "wọ́n" pe àǹtí, bí Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ bèèrè rẹ̀, torí pé ẹni tó ju èmi tó ń ròyìn lọ ni. Ìyẹn ló sì jẹ́ kí n fi "kan" sí ara ọmọ kíláàsì wọn, kí n sì jẹ́ kí "tó ń du ipò" tẹ̀ lé e tímọ́tímọ́, kí òǹkàwé má bàa rò pé àǹtí fúnra wọn ni yóò gba ìbò. Ní ti ẹ̀rọ omi, mo kọ́kọ́ kọ "tí wọ́n ṣí sílẹ̀" kí n tó yí i sí "tí wọn kò tì", nítorí àkọ́kọ́ mú un dà bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.